Ka Eyín Rẹ̀ fún Mi

Táyà ńlá ni mo kọ́kọ́ rà, mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè.
Omi òjò Èbúté Mẹ́tta ti wọ inú ẹ́ńjìnì lẹ́ẹ̀mejì,
mo ní n ó ga ju omi lọ.
Méjìdínlọ́gbọ̀n ni ti tẹ́lẹ̀, mo gbé méjìlélọ́gbọ̀n wọ̀ ọ́.
Àwọn ọmọ tó ń to pákó ní Òkò Bàbá pàtẹ́wọ́:
"Màmá Onípákó, ọkọ̀ yín ti di géńdé!"

Géńdé.
Ẹ wá wo géńdé ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ afárá Kátà,
ogójì pákó ìrókò lẹ́yìn rẹ̀,
jíà kẹta kú, mo bọ́ sí kejì, kejì ń mí hẹlẹhẹlẹ.
Ọlọ́kadà kan tó gbé búrẹ́dì kọjá mi,
ó tilẹ̀ kí mi.

Mo gbé e lọ bá Bàbá Sàúbánà lẹ́yìn Ládípọ̀,
níbi tí ilẹ̀ ti dúdú, tó ń dán bí awọ ẹja àrọ̀.
Kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kò fetí sí ẹ́ńjìnì.
Ó fi jáàkì gbé ìdí ọkọ̀ sókè,
ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára táyà,
ó fa òmíràn sára ọ̀pá tó ń yí lábẹ́,
ó ní kí Jẹ́lílì rọra yí táyà méjèèjì,
òun alára dùbúlẹ̀ sínú ọ́ìlì, ó ń kà.
"Ọmọ yí lẹ́ẹ̀mẹta, ó fẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mẹrin, kí ìyá tó yí lẹ́ẹ̀kan."
"Ìyá wo?"

Ló bá fi ìka gíríìsì yàwòrán sára páálí:
kẹ̀kẹ́ eléyín ńlá ni ìyá, eyín mọ́kànlélógójì;
kékeré tó ń gé e jẹ ni ọmọ, eyín mọ́kànlá.
"Ọmọ ló ń sáré, ìyá ló ń ru ẹrù.
O fún ìyá ní ẹsẹ̀ gígùn, o ò ro ti ọmọ.
Ẹ́ńjìnì yìí kò ṣàìsàn, Ìbíyẹmí.
Ọ̀pá kúkúrú ló fi ń yí òkúta ńlá."

Ó tú àpò sìmẹ́ńtì, ó kó wọn síta:
ọmọ eléyín mẹ́wàá, ọmọ eléyín mẹ́sàn-án.
Bí eyín ọmọ bá ṣe ń dín ni agbára ń pọ̀,
bẹ́ẹ̀ ni ariwo, bẹ́ẹ̀ ni owó epo.
"Mẹ́sàn-án yóò gun afárá bí ewúrẹ́ tó ń gun ògiri,
ṣùgbọ́n lọ́nà jíjìn yóò máa ké lé ọ lórí."
"Mẹ́wàá ńkọ́?"
"Á fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a padà sí bó ṣe wà kí ìgbéraga tó dé."
Mo gbọ́ ìgbéraga yẹn. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

"Ọjọ́ mélòó lo fi ń kó pákó?"
Mẹ́fà.
"Ìkeje ńkọ́?"
Ìkeje, mo máa ń gbé ìyá mi lọ sí Ẹ̀pẹ́.
Etí rẹ̀ ọ̀tún ti kú, ti òsì ló kù,
inú ọkọ̀ yẹn nìkan sì la ti ń sọ
ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ti owó.
"Mẹ́wàá," ni mo wí.

Mo ti ń tú owó létí ìró nígbà tó ní, "Iwájú ńkọ́?"
Iwájú?
Ọkọ̀ tó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà ni.
Bí ẹ̀yìn bá ń ka mẹ́wàá, tí iwájú ṣì ń ka mọ́kànlá,
lọ́jọ́ tí ẹrẹ̀ bá dé, wọn yóò fa ara wọn ya
bí ọmọ bàbá kan lórí ilẹ̀ ogún.
Owó di ìlọ́po méjì. Mo bú táyà, mo bú òjò.
Mo ta pákó apá tí mo fi pamọ́ fún ilẹ̀kùn ilé ara mi.

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n bu ọ́ìlì tuntun sí i.
"Má sáré fún ọ̀sẹ̀ kan. Jẹ́ kí eyín mọ eyín."
Jíà kẹta ni mo fi gun Kátà. Kò fò, kò kú.
Oníbúrẹ́dì wà lẹ́yìn. Mo kí i.

Nígbà tí mo padà lọ san gbèsè tó kù,
Bàbá Sàúbánà la ẹnu, ó rẹ́rìn-ín.
Àṣà tuntun kò jẹ́ kí n gbójú kúrò:
mo ka eyín rẹ̀.
Mẹ́sàn-án.