Okùn Kan

Pátákó dúdú kan ló wà lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìsánlú.
Èmi Ọlọ́runnípa ni mò ń kọ iye gáàsì sí i,
mo sì ti rò pé ọwọ́ mi ló ń darí ṣọ́ọ̀kì.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ìpè dé láti Kàbà:
"Àádọ́ta náírà ti gun orí kílò."
N kò tíì fi fóònù sílẹ̀,
Mọ́pà ti gbọ́, Ìyàrà ti nu pátákó tirẹ̀.
Sílíńdà kan kò sì tíì kúrò lójú kan.

Ẹ̀bùn, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, fa ìlà mẹ́ta sínú ìwé:
pupa ni Kàbà, búlúù ni Mọ́pà, dúdú ni tiwa.
"Ẹ wò ó, bí ewúrẹ́ mẹ́ta lórí okùn kan.
Ọ̀kan fà, méjì tẹ̀ lé e."

Àmọ́ lọ́dún tí afárá wó lọ́nà Kàbà,
ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko
ìlà dúdú já okùn, ó ń dá jẹko lórí òkè.
Ìyá Tọ́lání padà sídìí èédú, ojú rẹ̀ pọ́n.
Ọjọ́ tí táńkà àkọ́kọ́ gba orí yanrìn kọjá,
kó tó di àṣálẹ́, ìlà ti padà sáàárín ẹgbẹ́.
Àṣé títì ni okùn náà.

Títì nìkan kọ́. Rédíò ní òtútù mú
ní ìlú kan tí ahọ́n mi ò lè pè,
ọkọ̀ ojú omi kan sì yí orí padà sọ́hùn-ún.
Òkun la fi ń kí ara wa níhìn-ín,
mélòó nínú wa ló ti tẹsẹ̀ bọ òkun rí?
Síbẹ̀ òkun mọ ọ̀nà ilé ìdáná wa.

Ibì kan ṣoṣo ni mo ti bá ìwé Ẹ̀bùn jiyàn.
Bí owó bá ń gòkè, ọ̀kadà ló ń gùn;
bó bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn,
á yà kí ará, á mumi, á jókòó sábẹ́ máńgòrò.
Ẹ̀bùn kò jiyàn. Ó kàn wo ọwọ́ mi.

Kàbà ti já ọgbọ̀n náírà láti àná.
Màmá àgbà kan gbé sílíńdà kékeré dé,
ó wo pátákó, ó wò mí.
"Òkun o," ló wí.
"Òkun," ni mo dáhùn,
mo sì ń wá àkísà.