Okùn Kẹtàdínlógún

Aago méjì òru ní Klaksvík.
Afẹ́fẹ́ òkun ń súfèé lábẹ́ ilẹ̀kùn,
Rannvá bọ́ ìbọ̀wọ́, ó fẹ́ èémí sí ìka.
Ẹ̀rọ àtijọ́ ń mí bí arúgbó tó ń gòkè,
eruku ti hu irun nímú abẹ̀bẹ̀ rẹ̀.

Ó tú bóòtù mẹ́rin, ó fà á jáde,
ó ti tuntun sáyè rẹ̀ láàárín òpó irin.
Ó sọ ọ́ lórúkọ, ó fi ọ̀nà hàn án:
èyí sí ilé ìwòsàn, èyí sí ilé-iṣẹ́ ẹja,
èyí gba abẹ́ òkun lọ.
Ó ṣi nọ́ńbà kan tẹ̀.
Ẹ̀rọ tilẹ̀kùn mọ́ ọn.
Ló bá fi wáyà búlúù gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Okùn kan ṣẹ́kù tí kò sí nínú ìwé.
Bébà ara rẹ̀ ti ṣá, ọwọ́ Heini ló kọ ọ́:
“Má yọ èyí. Màá sọ ìdí rẹ̀ fún ọ.”
Heini ti kú. Kò sọ.

Ó di okùn náà mú títí,
ó wá kì í bọ ihò kẹtàdínlógún.
Iná aláwọ̀ ewé ṣẹ́jú.
Ó kọ ọ́ sínú ìwé:
“Okùn Heini. Ó ń ṣiṣẹ́.
N kò mọ ibi tó ń lọ.”