Ìlà Kan fún Orúkọ

Ìlà kan ṣoṣo ni fọ́ọ̀mù náà yà sílẹ̀ fún orúkọ.
Mo kọ Sàfúrátù Àṣàkẹ́.
Yíǹkì bírò dà síbẹ̀,
mo fi àtàǹpàkò nù ún,
mo tún un kọ.

Ọjọ́ tí lẹ́tà ẹ̀bùn dé, ìyá mi ń tẹ amọ̀ ní Òkèlele,
ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì rì dé kókósẹ̀.
Ó ní kí n kà á sí òun létí.
Mo kà á: a yàn ọ́ mọ́ àwọn ọ̀dọ́
tí ẹsẹ̀ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kan orí ìtàgé.
Ó ní, "Wọ́n wá ń sanwó fún irọ́ pípa báyìí?"
Mo ní, "Ìyá, eré ni."
Ó ní, "Mo gbọ́. Èló ni?"
Mo pe iye rẹ̀.
Ó yọ ẹsẹ̀ kan kúrò nínú amọ̀,
ó gbàgbé láti sọ ọ́ kalẹ̀,
ó dúró bí lékeléke.

Ẹ má rò pé inú mi ò dùn.
Ó dùn débi pé wàrà tí mo rà kan lọ́wọ́ mi.
Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ ṣú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà wá.

Búsàrí tó gun àga, tó di tọ́ọ̀ṣì mú
nígbà tí iná lọ láàárín ìran kejì.
Apá rẹ̀ gbọ̀n, ìmọ́lẹ̀ gbọ̀n,
àwọn òǹwòran rò pé a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.
Múníràtù tó tú kọ́tìnnì yàrá ọkọ rẹ̀,
tó fi rán agbádá ọba,
tó sì ti dá a padà sójú fèrèsé
kí ọkọ tó ti Jẹ́bà dé.
Bàbá Gáà, ọlọ́dẹ ilé ìwé,
tí kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa,
àfi kí òun náà ṣáà ní gbólóhùn kan sọ.
A fún un ní ọ̀kan:
"Ta ló wà níbẹ̀ yẹn?"
Ogún ọdún ló ti ń bi olè ní ìbéèrè yẹn lóru,
ẹnì kan ò pàtẹ́wọ́ fún un rí.

Àti Súbérù.
Súbérù tó kọ ìdajì eré náà sẹ́yìn ìwé ìṣirò,
tó ní ebi ò mọ ìran kìíní yàtọ̀ sí ìkẹyìn,
tó wọ mọ́tò ní Géèrí Àlímì.
Ó ń to táìlì sílẹ̀ onílé ní Ìbàdàn báyìí.
Mo pè é. Mo ní, "Wọ́n yàn mí."
Ó dákẹ́ títí mo fi ń gbọ́ ẹ̀rọ tó ń gé táìlì.
Ó ní, "Ṣé ìran ìkẹyìn ṣì wà bí mo ṣe kọ ọ́?"
Mo ní ó wà.
Irọ́ ni. Mo ti yí i padà.

Mo ti san gbèsè àga. Mo ti ra iná méjì
kí Búsàrí lè sọ apá kalẹ̀.
Mo fi owó mọ́tò ránṣẹ́ sí Ìbàdàn,
n ò kọ ọ̀rọ̀ kankan tẹ̀lé e.
Mo ṣí ìwé ìṣirò,
mo dá ìran ìkẹyìn padà sípò rẹ̀,
tòun ti àṣìkọ.

Ìyá mi ní ìkòkò tí ò bá la iná kọjá,
òjò ni yóò gbà á padà.
N ò tíì mọ̀ bóyá owó yìí ni iná
tàbí òun ni òjò.

Alẹ́ Ọjọ́rú, a ń fi eré dánra wò
nínú kíláàsì tí ò lórùlé, lẹ́yìn òkè Ṣóbí.
Ẹsẹ̀ kan dún lórí òkúta wẹ́wẹ́ níta.
Kò tíì kan gbólóhùn Bàbá Gáà,
ṣùgbọ́n ó dìde, ó gbóhùn sókè:
"Ta ló wà níbẹ̀ yẹn?"

Búsàrí yí iná sí ojú ọ̀nà.