Ojú Fèrèsé Ṣẹ́ńjì

Ọkọ mi ń yìnbọn ní pálọ̀.
Ó ti fi awò dúdú kan di ojú pa,
awò tó tóbi bí àpótí búrẹ́dì.
Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta!
Ó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ̀bá, ó fẹ̀yìn ti ògiri tí kò sí níbẹ̀,
ife tíì mi fò, ó fọ́.
"Fusae, má bínú, wọ́n pọ̀ jù mí lọ."
Àwọn wo? Èmi nìkan ni mo wà níbí,
èmi àti yìnyín tó ń bọ́ sórí òrùlé Otaru láti àná.

Wataru ọmọ wa ló fi í ránṣẹ́ láti Sapporo.
Ó ní eré àtijọ́ ni, wọ́n kàn tún un ṣe,
pé dípò kí bàbá òun máa wo dígí,
inú dígí gan-an ni yóò wọ̀.
Mo ní ṣé ìyẹn sàn? Ó rẹ́rìn-ín.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ni mo ń wò.
Eré àtijọ́ ní pẹ́dáàlì:
o tẹ̀ ẹ́, o yọjú; o gbẹ́sẹ̀ kúrò, o sá pamọ́.
Ti ìsinsìnyí kò ní. Ara rẹ fúnra rẹ̀ ni wàá fi sá.
Ẹsẹ̀ yẹn kò gbọ́.
Ó ń tẹ kápẹ́ẹ̀tì, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́,
ẹsẹ̀ tó ṣì mọ ọ̀nà ilé tí wọ́n ti wó.

Nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú omi ni ilé eré náà wà.
Èéfín sìgá, ariwo, iná pupa, iná búlúù.
Èmi ni ọmọbìnrin inú yàrá kótópó onífèrèsé,
tó ń ṣẹ́ owó.
O na ìwé ẹgbẹ̀rún yẹ́ẹ̀nì, mo ka ẹyọ mẹ́wàá fún ọ.
Mi ò kì í gbójú sókè. Ọwọ́ ni mo fi ń dá ènìyàn mọ̀:
ti apẹja ya, ti ọmọ ilé-ìwé ní yíǹkì.
Ti Mitsunori, epo ọkọ̀ kún abẹ́ èékánná,
ó sì máa ń padà wá kí ti àkọ́kọ́ tó tán.
Ẹyọ owó ń fa ṣòkòtò rẹ̀ wálẹ̀.
Lọ́jọ́ kan mo ní, "Ọ̀gbẹ́ni, kí lẹ ń fi gbogbo èyí ṣe?"
Ó ní òun ò mọ̀.
Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tó sọ fún mi láyé yìí nìyẹn,
kò tíì fi kún un.

Ó bọ́ awò náà. Àmì pupa yí ojú rẹ̀ ká bí ti òwìwí.
"Kì í ṣe tiwa," ó ní, "ṣùgbọ́n ó jọ ọ́.
Àní ibi tí sìgá ti jó pátákó. Gbà, wò ó."

Mo dé e. Òòyì kọ́ mi díẹ̀.
Òótọ́ ni, wọ́n ṣiṣẹ́. Kápẹ́ẹ̀tì oníràwọ̀,
ìbọn pupa, ìbọn búlúù,
àwọn òkú tí ń jí kí wọ́n lè tún kú
dúró nínú ẹ̀rọ wọn, wọ́n ń retí.
Kò sẹ́ni tó ń wúkọ́.
Mo kọjá lára wọn, mo lọ sí igun ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn,
níbi tí fèrèsé máa ń wà.

Ògiri ni.
Wọ́n ya ọkọ̀ òfurufú kan sí i.
Kò sí ẹni tó ń ṣẹ́ owó. Kí ni wọ́n fẹ́ fi owó ṣe?
Ọ̀fẹ́ ni gbogbo ikú ibẹ̀.

Mo na ọwọ́, ọwọ́ mi wọ inú ògiri lọ.
Mo bá gbé ìbọn,
èmi tí mo lo ọdún mẹ́ta láàárín ìbọn
tí mi ò yin ẹyọ kan rí,
mo yìn ín lu ọkọ̀ òfurufú náà.
Ihò yọ. Mo kà dé mẹ́ta, ó pa rẹ́.
Mo tún yìn ín.

"Mélòó lo ti pa?" Ohùn rẹ̀ ń bọ̀ láti ìta,
ó ń ṣa àfọ́kù ife mi nílẹ̀.
"Dúró ná," mo ní,
"mo ṣì ń ka owó ẹ."