Nǹkan Mẹ́tàdínláàádọ́ta

Ní Kemi, lóṣù Kejìlá, oòrùn a yọjú fún wákàtí mẹ́ta,
a padà wọlé bí àlejò tí wọn ò fún níjòkòó.
Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà ìyàwó mi, kọfí mi ti tutù.
Owó iná ni mo fẹ́ san.
Àwòrán kan bẹ́ jáde: pósí onígi páìnì, ẹ̀dínwó wà.
Mo pa á. Òmíràn bẹ́ jáde:
oògùn ìrora, ẹ kàn tẹ ibí.
Ta ló sọ fún wọn?

Èmi nìkan ni mo tẹ orúkọ àìsàn Aune
sínú ẹ̀rọ yìí, lóru, nígbà tó ń sùn.
N ò sọ fún àbúrò mi ní Oulu,
n ò sọ fún pásítọ̀.
Ògiri létí, a máa ń wí bẹ́ẹ̀,
ṣùgbọ́n ògiri kì í gbé ọ̀rọ̀ ẹni lọ sọ́jà.

Taneli, ọmọ aládùúgbò, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún,
ní amí ló wọlé sínú ẹ̀rọ.
"Ẹ má ra nǹkan kan, Reino. Èyí tó ń lé wọn wà lọ́fẹ̀ẹ́."
Ọ̀fẹ́! Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nílé iṣẹ́ bébà,
wọn ò fún mi ní ìdì bébà kan lọ́fẹ̀ẹ́ rí.

Mo wá a. Wọ́n tú jáde bí ẹ̀fọn inú irà.
Ọ̀kan pupa, ó ń ṣẹ́jú, ó ń pariwo:
ewu, ewu, ọ̀ọ́dúnrún àrùn ló wà lára ẹ̀rọ yín!
Kò tíì wọlé, báwo ló ṣe kà wọ́n?
Èkejì ń rẹ́rìn-ín. Yóò yẹ ẹ̀rọ wò lọ́fẹ̀ẹ́,
àmọ́ bó o bá fẹ́ kó wò ó sàn,
kó o mú nọ́ńbà káàdì báńkì wá.
Ẹ̀kẹta ní òun kàn fẹ́ orúkọ mi, ọjọ́ ìbí mi,
àti àyè láti máa mọ gbogbo ibi tí mo bá yà sí.
Ẹni tó ní òun yóò fún ọ láṣọ,
ti ọrùn rẹ̀ là á wò.
Ti ọrùn èyí, aṣọ amí ni.

Ẹ̀kẹrin rí bí eérú, kò lẹ́wà,
ó dà bí fọ́ọ̀mù owó orí.
Ẹni tó ṣe é kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sísàlẹ̀:
Mo ṣe é fún ìyá mi. Bó bá wúlò fún yín, ẹ mú un.
Bí kò bá wúlò, ẹ má bínú.
Taneli lọ bi olùkọ́ rẹ̀, ó padà wá, ó ní kò séwu.
Èmi ti mú un kó tó dé.

Wákàtí méjì. Òjò dídì ń bọ́.
Ó tò wọ́n sílẹ̀ fún mi, nǹkan mẹ́tàdínláàádọ́ta,
orúkọ tí kò ṣeé pè lẹ́nu,
àti ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọlé.
Èyí tó pẹ́ jù: ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta.
Mo mọ ọjọ́ yẹn.
Aune ń wá bátànì ìbọ̀wọ́ tí yóò hun fún ọmọ ọmọ wa.
Ó ké láti yàrá: "Reino, wá wò ó, ọ̀fẹ́ ni!"
Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Ẹ̀rọ ń bi mí: ṣé kí n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́?
Ìka mi dúró. Olè ni wọ́n, mo mọ̀,
ṣùgbọ́n òun ló ṣílẹ̀kùn fún wọn,
ipa ọwọ́ rẹ̀ sì wà lára ilẹ̀kùn.
Mo mú bírò, mo kọ ọjọ́ náà sẹ́yìn ìwé owó iná.
Lẹ́yìn náà ni mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Ojú ẹ̀rọ pa rọ́rọ́. Kò sí pósí mọ́.
Ìbọ̀wọ́ náà, ẹyọ kan ló parí.

Mo kọ̀wé sí ẹni tó ṣe eléérú yẹn:
ẹ bá mi kí ìyá yín.
Kò tíì fèsì.
Mo ń retí pé ara ìyá náà le.