Wọ́n Ní

Aago méje alẹ́ ni kíláàsì wa ń bẹ̀rẹ̀ ní Sacaba,
lẹ́yìn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi bá ti ṣan sìmẹ́ǹtì ọwọ́ wọn dànù,
tí wọ́n ti pọn ọmọ tí kò rí alágbàtọ́ wá.
Gílóòbù kan ṣoṣo ń ṣẹ́jú lókè orí wa.
Mo kọ ọ́ sí pátákó:
lákọ̀ọ́kọ́, síwájú sí i, ṣùgbọ́n, nítorí náà, ní ìparí.
Mo ní, “Afárá nìwọ̀nyí.
Ẹni tó ń ka ìwé yín, ẹ má jẹ́ kó fẹsẹ̀ wọ́dò.”

Nemesia Cuyo dà wọ́n kọ wẹ́rẹ́,
ó sì lò wọ́n bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra iyọ̀:
“Òjò rọ̀. Nítorí náà, ìyá mi ta ọ̀dùnkún.
Nítorí náà, mo di ẹni ọdún méjìdínlógójì.
Ní ìparí, ẹ káalẹ́, tíṣà.”
Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín.
Èmi ni mo mú bírò pupa.

Ọ̀rọ̀ tí mo dọdẹ jù, kò tilẹ̀ sí lára pátákó.
“Bàbá mi, wọ́n ní, wọ ihò ìwakùsà lọ́jọ́ Ajé.
Òkúta, wọ́n ní, já lé e lórí.
Ó pe orúkọ mi, wọ́n ní.”
Ìlà mẹ́ta, wọ́n ní mẹ́ta.
Mo fagi lé gbogbo wọn,
mo kọ ọ́ sí etí ìwé: Ta ni “wọ́n”? Sọ ọ́ kó dájú.

Àwọn yòókù lọ. Ó dúró nídìí tábìlì,
fìlà funfun gíga rẹ̀ lábẹ́ apá.
“Tíṣà, mi ò sí níbẹ̀.
Ẹ̀yìn ìyá mi ni mo wà, mò ń sùn.
Ní Kéchúà, ohun tí mo bá fojú ara mi rí,
mo ní nǹkan kékeré tí mò ń rán mọ́ ìdí ọ̀rọ̀, bíi bọ́tìnnì.
Èyí tí mo bá gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, bọ́tìnnì tiẹ̀ yàtọ̀.
Bí mo bá ń méfò, ó ní tiẹ̀ náà.
Mo wá inú èdè yín, mi ò rí bọ́tìnnì.
Mo fi ‘wọ́n ní’ dì í.
Ẹ wá gé e.”

Ó tú ìwé kan jáde nínú ọ̀rá,
lẹ́tà ilé-iṣẹ́, ojú ibi tí wọ́n ti ká a ti fẹ́ẹ̀ já.
Mo kà á:
“Àìbìkítà ara rẹ̀ ló pa òṣìṣẹ́ náà.
Nítorí náà, ẹbí kò ní owó kankan láti gbà.”
Kò sí bóyá. Kò sí ó dà bí ẹni pé.
Afárá náà le, ọkọ̀ akẹ́rù lè gorí ẹ̀ kọjá.
Ǹ bá fún un ní mẹ́wàá nínú mẹ́wàá.
Mo fẹ́ sọ pé ẹni tó kọ ọ́ kò wọ ihò yẹn rí,
ṣùgbọ́n èmi náà, mi ò rí i.

Ìyá ìyá mi gbọ́ Kéchúà.
Bàbá mi ló kà á léèwọ̀ nínú ilé, kí ẹnu wa lè mọ́.
Ẹnu wa mọ́.
Ìròyìn kò tó àfojúbà, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n lórí;
obìnrin yìí ló ń rán an mọ́ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan,
èmi ni mo mú àlùmọ́gàjí tọ̀ ọ́ lẹ́yìn.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀ kò dúró.
Ìlà mẹ́ta péré:
“Bàbá mi kú.
Wọ́n ní àìbìkítà ni.
Ṣùgbọ́n.”

Ṣùgbọ́n, àmì ìdánudúró, lẹ́yìn náà ojú ìwé funfun.
Gbólóhùn náà kò pé.
Mo dé bírò.