Lẹ́tà Tí Kì í Dúró Lẹ́nu Ọ̀nà

Ogún ọdún ni mo ti ń pín lẹ́tà nílùú Dundee.
Mo mọ ilẹ̀kùn: èyí tí ajá wà lẹ́yìn rẹ̀,
èyí tí ihò rẹ̀ ń géni lọ́wọ́ bí eyín ológbò.
Mo gun àtẹ̀gùn òkúta títí orúnkún mi fi ń ké.
Síbẹ̀ n kò wọ yàrá ẹnikẹ́ni rí.
Ẹnu ọ̀nà niṣẹ́ mi ń pin sí.

Lóṣù Èrèlé, kùrukùru odò Tay bo òkè Law mọ́lẹ̀,
Àyọ̀ká fọ eyín, omi inú báséènì pọ́n.
Ẹ̀jẹ̀ dì dúdú sí itan rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n lù,
bẹ́ẹ̀ ẹnìkan ò lù ú.
Kílẹ̀ tó ṣú, a ti wà ní wọ́ọ̀dù.

Dókítà Mhairi Geddes jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó bèèrè bébà.
Kò sí nǹkan lápò mi ju káàdì pupa
tí a fi ń sọ fún onílé pé: a wá, a ò bá ọ.
Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ya ẹ̀jẹ̀ ìyàwó mi sí.

Ó ní sẹ́ẹ̀lì funfun kan ni, wọ́n bí i, kò dàgbà,
ó ń pọ̀ nínú mùdùnmúdùn eegun
bí ọmọ tó kọ̀ tí kò já lẹ́nu ọmú.
Ó ya yàrá sínú yàrá. Nínú yàrá ìkẹyìn
ni ìwé àbímọ́ wà, ó ká jọ
bí aṣọ òtútù inú àpótí lásìkò ooru.
Aṣọ́nà méjì ló dì í mú, ọ̀kan kì í ṣe é lẹ́yìn èkejì.
Bí lẹ́tà kò bá tíì dé, wọn a ní: pa á dé, má kà á.

Fítámì A ló bí lẹ́tà ọ̀hún,
mọ̀lẹ́bí àwọ̀ inú kárọ́ọ̀tì àti epo pupa,
tí ẹ̀dọ̀ ń tọ́jú pamọ́ bí owó ọjọ́ iwájú.
Oníṣẹ́ púpọ̀ nínú ara, irú mi ni wọ́n:
wọn a kan ilẹ̀kùn ìta, wọn a padà.
Ṣùgbọ́n èyí, ìbátan ọ̀rá, ó gba inú ògiri kọjá
títí dé ẹsẹ̀ ibùsùn,
ó jókòó sí àyà aṣọ́nà, aṣọ́nà pa ẹsẹ̀ dà.
Ẹni tó ń di ìwé dìde lọ. Ẹni tó ń tú ìdì wọlé.
A ka ọ̀rọ̀ kan sókè:
dàgbà.

Ti Àyọ̀ká ńkọ́?
Ìwé kẹẹ̀ẹ́dógún àti ìkẹtàdínlógún ya,
ẹnìkan ṣèèṣì lẹ èyí mọ́ tọ̀hún.
Aṣọ́nà tó jáde níbẹ̀, odi ni.
Lẹ́tà ojoojúmọ́ kò ta létí rẹ̀.
“Nítorí náà,” ni Geddes wí, “a ó kọ lẹ́tà púpọ̀.”

Hóró mẹ́rin láàárọ̀, mẹ́rin lálẹ́,
ìdajì bí ọsàn, ìdajì bí irin tó dípẹtà.
Wọ́n tún ń kán májèlé díẹ̀ sí iṣan rẹ̀;
n kò bèèrè ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì.
Orí ń fọ́ ọ, ètè rẹ̀ bó.
Ìyá rẹ̀ pè láti Ìlá: ṣé kí n fi epo ránṣẹ́?
Ṣé ó ń jẹ ẹ̀dọ̀ màlúù?
Mo ní rárá, màmá. Èyí tó wà lára rẹ̀ ti tó.

Lọ́sẹ̀ kẹrin wọ́n fi àwòrán hàn mí.
Sẹ́ẹ̀lì ọ̀hún ti dàgbà, ikùn rẹ̀ ti pín sí ẹ̀ka,
ṣùgbọ́n igi tẹ́ẹ́rẹ́ ìgbà èwe ṣì wà nínú rẹ̀,
bí eyín ọmọdé lẹ́nu àgbàlagbà.
“A ò fipá pa á,” ni Geddes wí.
“Ohun tó bá dàgbà mọ bí a ti í kú.”
N kò rí oorun sùn lórí ọ̀rọ̀ yẹn.

Fọlárìn ọmọ wa, ẹni ogún ọdún,
ṣì wà lórí ibùsùn dọ̀sán, abọ́ méje lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.
Àyọ̀ká ní lẹ́tà tiẹ̀ wà lọ́nà.
Ó di ètè mú kó tó rẹ́rìn-ín, kó má baà ya.

Lónìí mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Òjò wínníwínní.
Ní ilẹ̀kùn kẹrin mo ti lẹ́tà wọlé,
n kò lọ. Mo dúró, mo tẹ́tí
bí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí ohun tó wà nínú ilé.
Ẹnìkan ń bọ̀ nínú. Ó fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀. Ó ń bọ̀.